Bí Iṣẹ́ Pépà Onípele Ṣe Bẹ̀rẹ̀

Ẹni tó bá fẹ́ mọ orísun iṣẹ́ pépà onípele, kó má kọ́kọ́ wo ọ̀bẹ. Àlàfo tó wà láàárín pépà kan àti èkejì ni kó wò. Ó ti pẹ́ gan-an tí àwọn èèyàn ti ń gé pépà ní oríṣiríṣi àrà, ṣùgbọ́n ó lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún kí iṣẹ́ tí wọ́n ń to pépà gígé sẹ́yìn ara wọn tó di ohun tí wọ́n ń tà lọ́jà, tí òjìji ti iwájú ń bọ́ sórí ti ẹ̀yìn. Ọwọ́ ọ̀pọ̀ ìlú ló pàdé nínú iṣẹ́ yìí, kò sì sí èyí tí a lè yọ kúrò níbẹ̀ kí ó má dàrú.

Ọdún 105 ni Cai Lun, òṣìṣẹ́ ààfin nígbà ìjọba Han ní Ṣáínà, gbé pépà tó fi èèpo igi, àkísà àti àwọ̀n ìpẹja àtijọ́ ṣe lọ síwájú ọba. Pépà ti wà ṣáájú rẹ̀, àmọ́ ọ̀nà tirẹ̀ ló jẹ́ kó ṣeé ṣe lọ́pọ̀. Àwọn pépà gígé tó tíì pẹ́ jù tó ṣì wà nílẹ̀ ni èyí tí wọ́n hú jáde nínú àwọn ibojì nítòsí Turpan, ní aṣálẹ̀ Xinjiang. Wọ́n ti wà láti nǹkan bí ọ̀rúndún kẹfà, ilẹ̀ gbígbẹ ló sì gbà wọ́n lọ́wọ́ jíjẹrà. Róbótó ni wọ́n, apá gbogbo sì dọ́gba. Ẹni tó bá tẹjú mọ́ wọn yóò rí i pé wọ́n ká pépà náà léraléra kí wọ́n tó gé e. Ẹ̀yà kan ṣoṣo ni wọ́n gé, ìyókù jáde fúnra rẹ̀ nígbà tí wọ́n tú u. Láti ìgbà náà ni iṣẹ́ ọ̀hún kò ti parẹ́ ní Ṣáínà, pàápàá èyí tó pupa tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ fèrèsé nígbà ọdún tuntun. Ní 2009 ni UNESCO kọ ọ́ sínú ìwé àwọn àjogúnbá aráyé.

Òfin kan wà nínú pépà gígé yẹn tí kò tíì yí padà: gbogbo ohun tó bá máa kù gbọ́dọ̀ so mọ́ nǹkan. Bí a bá gé yíká ojú ẹyẹ kan tán, ojú náà á já bọ́. Nítorí náà ni wọ́n fi máa ń fi afárá tín-ín-rín sílẹ̀ láàárín ẹ̀yà kan àti èkejì, tí wọ́n á sì fi ọgbọ́n sọ afárá náà di ìyẹ́, ewé tàbí ẹ̀ka igi, kí ẹni tó ń wò ó má mọ̀ pé òun ló di gbogbo rẹ̀ mú.

Ẹni tó kó gígé yìí wọ inú jíjìn tó sì fi ṣe ọjà ni Martin Engelbrecht (1684–1756), tó ń fín àwòrán tó sì ń tẹ̀ ẹ́ tà ní ìlú Augsburg ní Jámánì. Lára ohun tó tà ni àwọn àwòrán inú àpótí, tó dà bí ibi ìṣeré kékeré. Ó sábà máa ń jẹ́ ìpele mẹ́fà sí mẹ́jọ nínú ẹyọ kan. Wọ́n á tẹ àwòrán sára ìpele kọ̀ọ̀kan, wọ́n á fi ọwọ́ kùn ún, wọ́n á sì gé àárín rẹ̀ kúrò. Ti iwájú ni àlàfo rẹ̀ fẹ̀ jù, tó fi jẹ́ pé òpó tàbí igi ẹ̀gbẹ́ méjèèjì nìkan ló kù. Àlàfo èyí tó tẹ̀ lé e kéré díẹ̀, àwọn èèyàn sì ti ń yọ níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n á ṣe máa wọlé lọ títí dé ìkẹyìn, tí wọn kì í gé rárá, nítorí òun ni ojú ọ̀run tàbí ògiri ìparí. Wọ́n á ki wọ́n bọ inú àpótí kí àlàfo aarín wọn dọ́gba, olówó á sì yọjú wò ó láti iwájú. Ohun méjì tó wà níbẹ̀ ni gbogbo oníṣẹ́ pépà onípele ń lò títí di òní: àlàfo tó ń kéré bí a ti ń wọlé, àti ìpele ìkẹyìn tí ọ̀bẹ kò kàn.

Nígbà tí wọ́n ṣí ọ̀nà abẹ́ odò Thames ní London ní 1843, èyí tí Marc Brunel darí kíkọ́ rẹ̀, irú àwòrán bẹ́ẹ̀ di ohun ìrántí tí àwọn àlejò ń rà lọ sílé. Wọ́n ti yọ àpótí kúrò. Pépà tí wọ́n ká wẹ́wẹ́ ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì bíi ti ẹwìrì alágbẹ̀dẹ ló di àwọn ìpele mú, ó ṣeé fà gùn, ó sì ṣeé tẹ̀ pọ̀ kó wọ àpò.

Àwọ̀ gba ọ̀nà míràn wá. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Mary Delany ti pé ẹni ọdún 72 kó tó bẹ̀rẹ̀ sí gé pépà aláwọ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ṣe òdòdó ní 1772. Ó máa ń lẹ èyí tó kéré lé èyí tó tóbi lórí pépà dúdú kí òjìji ewé àti ti òdòdó lè yọ. Nígbà tó fi máa kú ní 1788 ó ti ṣe tó nǹkan bí ẹgbẹ̀rún kan, British Museum sì ni wọ́n wà. Ọgbọ́n tó jọ èyí ni àwọn obìnrin oko ní agbègbè Łowicz ní Póláǹdì dá sílẹ̀ fúnra wọn ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, nígbà tí pépà aláwọ̀ tí ilé iṣẹ́ ń ṣe wá wọ́pọ̀. Àlùmọ́gàjí ńlá tí wọ́n fi ń rẹ́ irun àgùntàn ni wọ́n fi ń gé e, ògiri ilé wọn tí wọ́n kùn ní funfun ni wọ́n sì ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ ṣáájú ọdún Àjíǹde. Ní Kurpie, ní orílẹ̀-èdè kan náà, àwọ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n ń lò: wọ́n á ká a, wọ́n á gé e, ó parí. Ti Łowicz yàtọ̀. Wọ́n á gé àkùkọ láti inú pépà kan, wọ́n á lẹ àwọ̀ míràn tó kéré díẹ̀ lé e, wọ́n á tún lẹ òmíràn tó kéré sí i lé ìyẹn, kí etí ọ̀kọ̀ọ̀kan lè máa yọ lábẹ́ èyí tó wà lókè rẹ̀. Mo gbà pé etí tó yọ yẹn ni ìyá gbogbo àwọn iṣẹ́ aláwọ̀ òṣùmàrè tí àwọn ayàwòrán ń ṣe lónìí.

Irinṣẹ́ náà gbọ́dọ̀ yí padà kí iṣẹ́ tó lè yí. Àlùmọ́gàjí máa ń gba etí pépà wọlé. Ọ̀bẹ tó ní ẹnu ṣóńṣó lè bẹ̀rẹ̀ láti àárín gan-an. Ní 1956, ní Osaka ní Japan, Yoshio Okada tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìtẹ̀wé rí i pé ẹnu abẹ nìkan ló máa ń kú nígbà tí ìyókù ṣì dára. Ó ṣe abẹ gígùn tó ní ìlà lára, tí a lè kán ẹnu rẹ̀ dànù kí ẹnu tuntun yọ. Ibẹ̀ ni ilé iṣẹ́ OLFA ti jáde. Ọ̀bẹ yìí, pẹ̀lú ọ̀bẹ tẹ́ẹ́rẹ́ tí a ń dì mú bíi gègé, ló sọ gígé ọgọ́rọ̀ọ̀rún ihò di iṣẹ́ tí ẹnì kan lè dá ṣe.

Lára àwọn tí iṣẹ́ yìí tọwọ́ wọn tàn lóde òní ni Jen Stark. Miami ní Amẹ́ríkà ni wọ́n bí i sí ní 1983, ó sì gboyè ní Maryland Institute College of Art ní 2005. Kí ó tó gboyè, ó lọ lo sáà ẹ̀kọ́ kan ní Aix-en-Provence, ní gúúsù ilẹ̀ Faransé. Yúrò ga ju dọ́là lọ, ohun èlò iṣẹ́ ọnà sì wọ́n. Ohun tó rà ni pépà aláwọ̀ tí kò wọ́n, irú èyí tí àwọn ọmọ ilé ìwé fi ń ṣe iṣẹ́ ọwọ́, ó sì ń wá ohun tó lè fi í ṣe. Kò ya nǹkan kan sórí rẹ̀. Ó tò ó jọ ní àwọ̀-àwọ̀, ó sì wà ihò sínú òkìtì náà, tí ihò ìpele kọ̀ọ̀kan kéré ju ti èyí tó wà lórí rẹ̀ lọ. Àwọ̀ tó farapamọ́ sínú òkìtì bá ń yọ ní etí-etí, bí ìlà òkè ṣe máa ń rí lórí máàpù. Ohun tí ẹlòmíràn ì bá kà sí àìrówó ra ọ̀dà ló di orúkọ rẹ̀ láwùjọ. Ó ti wá ń lo igi àti irin pẹ̀lú báyìí, ó sì ń kun ògiri ńlá, àmọ́ ọgbọ́n òkìtì pépà yẹn ṣì hàn nínú gbogbo rẹ̀.

Bí irú ihò onípele bẹ́ẹ̀ ṣe ń jáde, ìṣirò ló kọ́kọ́ wà níbẹ̀. Ká mú 20 pépà, ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ mìlímítà 300 níbùú àti lóròó. Kí ihò ti òkè fẹ̀ tó mìlímítà 200. Bí a bá ń sún wọlé ní mìlímítà 4 ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, ihò á máa fi 8 dín nígbà kọ̀ọ̀kan. Ìgbà 19 la ó sún un, ìyẹn 152, nítorí náà ihò pépà ogún yóò ku 48, pépà kan tí a kò gé á sì wà lábẹ́ rẹ̀. Pépà tó nípọn díẹ̀, tí mítà onígun mẹ́rin kan rẹ̀ wúwo tó gíráàmù 160, sábà máa ń nípọn tó ìdá márùn-ún mìlímítà kan. Bí a bá lẹ ogún rẹ̀ mọ́ra láìsí àlàfo, mìlímítà 4 péré ni gbogbo rẹ̀, kò sì ní sí òjìji kankan. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fi páálí onífóòmù tín-ín-rín sí àárín wọn. Pépà ogún àti èyí tí a kò gé lábẹ́ wọn ní àlàfo ogún. Bí páálí kọ̀ọ̀kan bá jẹ́ mìlímítà 3, ogún rẹ̀ jẹ́ 60. Fi nǹkan bí 4 ti pépà lé e, ó di nǹkan bí 64. Férémù tó jìn tó 70 ló lè gbà á, kí gíláàsì má bàa kan pépà iwájú.

Yíya ìlà ni ọ̀pọ̀ ti máa ń ṣìṣe. Wọ́n á gbé pépà tí wọ́n gé tán lé èyí tó kàn, wọ́n á sì wọn mìlímítà 4 láti etí rẹ̀. Bí pẹ́ńsù bá yẹ̀ ní ìdajì mìlímítà lẹ́ẹ̀kan, ó di mìlímítà mẹ́sàn-án àbọ̀ nígbà tó bá fi máa dé ìsàlẹ̀, ihò náà á sì wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ohun tó dáa ni kí a ya gbogbo ìlà 20 sórí pépà kan ṣoṣo, kí a fi abẹ́rẹ́ lu ihò méjì sí igun rẹ̀, kí gbogbo pépà yòókù ní ihò méjì yẹn ní ojú ibi kan náà. Láti ara pépà àkọ́kọ́ yìí ni a ó ti máa kó ìlà, kì í ṣe láti ara pépà tó ṣáájú.

Nígbà gígé, ibi tó kéré jù ní àárín ni a ń kọ́kọ́ gé, nígbà tí pépà ṣì ní agbára. Àlàfo ńlá ló ń kẹ́yìn. Ọ̀bẹ á dúró ṣánṣán, nítorí bí ó bá dùbúlẹ̀, etí pépà á ṣe gẹ̀rẹ́. Bí pépà náà bá sì jẹ́ èyí tí wọ́n kàn fi àwọ̀ kùn lójú, funfun inú rẹ̀ á máa yọ níbi gbogbo. Pépà ni a ń yí, ọwọ́ kì í yí. Ní igun, láti ojú igun ni a ti ń bẹ̀rẹ̀ tí a fi ń gé jáde sí ọ̀nà méjèèjì, kí ọ̀bẹ má bàa kọjá ààlà. Fífa ọ̀bẹ lẹ́ẹ̀mejì pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ sàn ju títẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan. Bí etí pépà bá bẹ̀rẹ̀ sí í yọ irun, ẹnu abẹ ti kú, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ lójú ẹsẹ̀.

Pépà ní ọ̀nà tí òwú inú rẹ̀ tò sí. Ẹ tẹ pépà náà díẹ̀: apá tó bá rọrùn láti ká ni òwú rẹ̀ gbà. Gbogbo ìpele gbọ́dọ̀ kọjú sí ibì kan náà, nítorí ọ̀rinrin ń mú kí pépà wú ní ìbú òwú ju òró rẹ̀ lọ. Bí a bá dà wọ́n pọ̀, òkìtì á lọ́. Gọ́ọ̀mù funfun tí a fi omi ṣe náà ń fa ìṣòro kan náà bí a bá tẹ́ ẹ káàkiri, nítorí náà tótó-tótó ni kí a kán an sórí páálí àárín. Téèpù alójú méjì kò ní omi, ṣùgbọ́n bí ó bá ti kàn án, ó ti mú un. Gọ́ọ̀mù máa ń fúnni ní ìṣẹ́jú díẹ̀ láti fà á bọ̀ sípò. Láti ẹ̀yìn ni a ti ń tò ó wá síwájú, a ó sì to gbogbo rẹ̀ láìlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ká lè rí i bí etí páálí bá ń yọ.

Ẹ̀rọ laser ti wọ inú iṣẹ́ yìí. Eric Standley, olùkọ́ ní yunifásítì Virginia Tech ní Amẹ́ríkà, ń fi í gé àwọn fèrèsé tó jọ ti ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́, tó máa ń ní ìpele tó lé ní ọgọ́rùn-ún. Ìmọ́lẹ̀ gbígbóná ni laser, ó ń jó pépà ni, nítorí náà etí á pọ́n bí agbára rẹ̀ bá pọ̀ jù tàbí tí atẹ́gùn kò bá fẹ́ èéfín kúrò. Títò àti lílẹ̀ ṣì jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́.

Hari àti Deepti, tọkọtaya láti Íńdíà tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ ní Denver, gba ọ̀nà míràn: ẹ̀yìn ni wọ́n ti ń tan iná sí pépà inú àpótí. Níbẹ̀, pépà funfun ni ohun gbogbo, iye ìpele tó bo ara wọn ló ń di àwọ̀. Ibi tí pépà bá jẹ́ ẹyọ kan ló mọ́lẹ̀ jù, ibi tí mẹ́rin tàbí márùn-ún bá ti pàdé á ṣókùnkùn, nítorí náà wọ́n gbọ́dọ̀ ti mọ iye rẹ̀ kí ọ̀bẹ tó kan pépà. Iná LED ló yẹ irú àpótí bẹ́ẹ̀, nítorí gílóòbù àtijọ́ máa ń gbóná, ó ń gbẹ pépà, ó sì ń sọ ọ́ di ràkọ̀ràkọ̀. Iṣẹ́ tí kò ní iná lẹ́yìn ní tirẹ̀ ń fẹ́ ìmọ́lẹ̀ láti òkè, kó ṣe gẹ̀rẹ́. Bí iná bá kọjú sí i tààrà, òjìji á parẹ́, ìpele 20 á sì dà bí pépà kan.