Kí Ẹ Tó Ra Ṣọ́ọ̀kì: Orúkọ Àwọn Ohun Tó Wà Lábẹ́ Mọ́tò Yín

Ohunkóhun tó bá ti ń dún lábẹ́ mọ́tò, ṣọ́ọ̀kì ni ọ̀pọ̀ wa ní Ìbàdàn ń pè é. Ẹni bẹ́ẹ̀ á lọ sí ọjà Ararọ̀mí ní Agodi Gate, á ra ṣọ́ọ̀kì méjì, mẹkáníìkì á dè é, mọ́tò á sì tún máa dún kọ̀-kọ̀-kọ̀.

Sípíríǹgì ló ń gbé ìwúwo mọ́tò. Iṣẹ́ ti ṣọ́ọ̀kì ni láti dá sípíríǹgì lẹ́kun, kí ó má baà máa fò sókè-sódò lẹ́yìn tí táyà bá ti jáde nínú kòtò. Níwájú ọ̀pọ̀ mọ́tò kékeré, ojú kan náà ni a to àwọn méjèèjì pọ̀ sí, lọ́nà tí Earle MacPherson, onímọ̀ ẹ̀rọ ará Amẹ́ríkà, gbé kalẹ̀ ní àwọn ọdún 1940. Ẹ tẹ igun mọ́tò mọ́lẹ̀ kí ẹ sì jọ̀wọ́ rẹ̀: bí ó bá ń jó ṣáá kí ó tó dúró, tàbí tí ọ́ìlì ń ṣàn lára ṣọ́ọ̀kì, ó ti lọ nìyẹn, ọ̀tún àti òsì ni ẹ ó sì jọ pààrọ̀.

Kọ̀-kọ̀ orí kòtò kéékèèké, linkage ló sábà máa ń fà á, ìyẹn ọ̀pá kékeré tó so stabilizer (irin tí kì í jẹ́ kí mọ́tò tẹ̀ jù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ní kọ́nà) mọ́ ṣọ́ọ̀kì. Owó rẹ̀ kò tó ti ṣọ́ọ̀kì rárá, síbẹ̀ òun ni wọ́n máa ń yẹ̀ wò kẹ́yìn!

Lower arm ni apá irin tó so ẹsẹ̀ táyà mọ́ ara mọ́tò. Búúṣì onírọ́bà wà ní ìdí rẹ̀. Bí ó bá ya, mọ́tò lè máa fà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan nígbà tí ẹ bá tẹ bíréèkì. Kí mẹkáníìkì má ṣe fún bóòtù (bolt) búúṣì pa nígbà tí mọ́tò ṣì wà lórí jáàkì, nítorí rọ́bà náà á lọ́ nígbà tí táyà bá kanlẹ̀, kò sì ní pẹ́ ya. Ball joint ló wà ní orí kejì, tó ń yí bí oríkèé itan. Ẹ má fi òun falẹ̀ rárá: bí ó bá yọ lórí eré, táyà á wó, apá awakọ̀ kò sì ní ká mọ́tò mọ́. Nínú mọ́tò mìíràn, ara lower arm ló lẹ̀ mọ́, odindi ni ẹ ó sì rà.

Ti sítíárìn ni tie rod end, oríkèé tó so ọ̀pá sítíárìn mọ́ ẹsẹ̀ táyà. Bí ẹ bá pààrọ̀ rẹ̀, ẹ ṣe alignment, ìyẹn ni pé kí wọ́n tún ojú táyà tò kí ó lè gún régé.

Ẹ mú ògbólógbòó dání lọ sọ́jà, kí ẹ sì sọ ọdún mọ́tò, iwájú tàbí ẹ̀yìn, ọ̀tún tàbí òsì. Ọ̀tún tí à ń wí ni ọ̀tún ẹni tó jókòó sídìí sítíárìn, kì í ṣe ti ẹni tó dúró níwájú bọ́nẹ́ẹ̀tì tó kọjú sí mọ́tò.