Mẹ́mọ́rì tuntun dé: ibo ni ìwé rẹ̀ máa gbé?

Ẹ̀gbọ́n màmá mi kan ń ta gàrí àti ẹ̀wà lọ́jà Kabba. Kò sí àpò tó wọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ tí kò ní ìlà kan nínú ìwé: ta ló gbé e wá, ará Iyara ni àbí ará Mopa, ṣé wọ́n ti sanwó rẹ̀, ta ló ti fi owó díẹ̀ sílẹ̀ lé e. Àpò tí kò bá sí nínú ìwé, Màmá ò ní tà á. Á ní òun ò mọ̀ ọ́n.

Ìwé yẹn ni mo rántí nígbà tí àbúrò mi wọlé lọ́jọ́ kan. “Ẹ̀gbọ́n, okun o. Ẹ jọ̀ọ́, báwo ni kọ̀ǹpútà ṣe lè ní mẹ́mọ́rì òun ò tó láti gba mẹ́mọ́rì?” Ó dà bí ẹ̀fẹ̀, àmọ́ òótọ́ ni.

Kernel Linux, ìyẹn ọkàn ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà, kì í gba mẹ́mọ́rì mú lódidi. Ó máa ń gé e sí péèjì péèjì, báìtì 4,096 sì ni péèjì kan lórí èyí tó pọ̀ jù nínú kọ̀ǹpútà tí à ń lò. Péèjì kọ̀ọ̀kan ló ní ìlà tirẹ̀, tí wọ́n ń pè ní struct page. Ibẹ̀ ni kernel ti ń wo iye àwọn tó ń lo péèjì náà, fáìlì tó ni ohun inú rẹ̀, bóyá wọ́n ti yí i padà tí wọn ò tíì kọ ọ́ sórí díìsìkì, bóyá ẹnì kan tì í pa. Metadata tí wọ́n ń wí nìyẹn. Àkọsílẹ̀ nípa ẹrù ni, kì í ṣe ẹrù.

Báìtì 64 ni ìlà kan sábà máa ń gbà. Ẹ má fojú kéré ẹ. Péèjì 262,144 ló wà nínú gígábáìtì kan, ìwé wọn sì gba mẹ́gábáìtì 16. Gígábáìtì 64 ńkọ́? Odindi gígábáìtì kan ló máa lọ sí ìwé, kò tíì sí ẹrù kankan nílẹ̀ o.

Hotplug ni kí wọ́n fi mẹ́mọ́rì kún ẹ̀rọ láìpa á. Lọ́dọ̀ tiwa, iná á ti bá wa pa á ká tó mú súkúrúdíráífà. Àwọn tó ń lò ó jù ni àwọn tó ń fi kọ̀ǹpútà ńlá kan gbé ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà aláfarawé sínú. Ebi pa ọ̀kan níbẹ̀, wọ́n bu mẹ́mọ́rì sí i, iṣẹ́ ń lọ.

Àmọ́ kernel ò gbọdọ̀ lo péèjì tí kò ní ìlà, inú mẹ́mọ́rì àtijọ́ ló sì ti máa ń wá àyè tó máa kọ ìlà tuntun sí. Ká ní Màmá gba ṣọ́ọ̀bù mẹ́ta sí i, tó ní inú ti àtijọ́ ni gbogbo ìwé máa wà. Ẹ wo ẹ̀rọ tó ní gígábáìtì 1, tí wọ́n fẹ́ fún ní 64: ìwé nìkan á bèèrè gbogbo ohun tó ní. Ebi ló mú wọn bu oúnjẹ wá, ebi náà ni ò jẹ́ kó lè gbà á.

Ní 2021, Linux 5.13 mú ọ̀nà kan wá tó ń jẹ́ memmap_on_memory: kí ìwé wà lórí mẹ́mọ́rì tuntun fúnra rẹ̀. Bí búlọ́ọ̀kù, ìyẹn ìpín mẹ́mọ́rì kan, tó dé bá jẹ́ mẹ́gábáìtì 128, kernel á ya 2 sọ́tọ̀ níwájú rẹ̀ fún ìwé, 126 tó kù á di ti iṣẹ́. Ìwé ṣọ́ọ̀bù kọ̀ọ̀kan wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ràn jù níbẹ̀ ni pé lọ́jọ́ tí wọ́n bá yọ búlọ́ọ̀kù náà, ìwé rẹ̀ bá a lọ.

Ó ní ibi tó kù sí. Ìwé tó wà níwájú búlọ́ọ̀kù kọ̀ọ̀kan ń gé ilẹ̀ sí wẹ́wẹ́, nítorí náà ẹni tó ń fẹ́ péèjì ńlá oní-gígábáìtì kan tó gùn la búlọ́ọ̀kù púpọ̀ já ò ní rí i. Bóyá ìdí nìyẹn tí wọn ò fi tàn án sílẹ̀ fún gbogbo ayé. Ẹni tó bá fẹ́ ẹ ló ń tàn án fúnra rẹ̀.

Nǹkan kan tún wà tó máa ń kó bá àwọn tó ń kọ kernel. Mẹ́mọ́rì lè ti wọlé kí wọ́n má tíì ṣí i fún lílò. Ìlà rẹ̀ wà, ṣùgbọ́n pàǹtírí lè wà nínú rẹ̀, bí ojú ìwé tí ọmọdé fi gègé ṣeré lé. Wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bi pfn_to_online_page, iṣẹ́ kékeré kan nínú kernel tó ń wò bóyá péèjì ti ṣí. Bí ibẹ̀ ò bá tíì ṣí, kò ní fún wọn ní ìlà kankan.

Àbúrò mi fẹ́ fojú ara rẹ̀ rí i. Lórí láptọ́ọ̀pù rẹ̀, a ṣí fódà /sys/devices/system/memory, ó ka fáìlì block_size_bytes tó ń sọ bí búlọ́ọ̀kù kan ṣe tóbi tó: 8000000. Ó ní báìtì mílíọ̀nù mẹ́jọ ni, a sì jiyàn díẹ̀ kó tó gbà pé ònkà oní-mẹ́rìndínlógún ni wọ́n fi kọ ọ́, mẹ́gábáìtì 128 ló jẹ́. Lẹ́yìn náà ló ṣírò gígábáìtì 4 tirẹ̀, ó rí i pé 64 nínú mẹ́gábáìtì rẹ̀ ti lọ sí ìwé látọjọ́ tó ti rà á. Ó ní ta lòun máa lọ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ báyìí.