Ayàwòrán Ilé Tó Fi Amọ̀ Kọ́lé Gba Ẹ̀bùn Pritzker: Ìbéèrè àti Ìdáhùn

Ní oṣù Kẹta ọdún 2022, wọ́n fún Francis Kéré, ọmọ abúlé Gando ní orílẹ̀-èdè Burkina Faso, ní ẹ̀bùn Pritzker, èyí tí àwọn ayàwòrán ilé kà sí ẹ̀bùn tó ga jù lọ nínú iṣẹ́ wọn. Òun ni ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó gbà á láti ọdún 1979 tí wọ́n ti dá a sílẹ̀. Ìròyìn náà ya ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́nu, nítorí amọ̀ ni wọ́n fi mọ iṣẹ́ rẹ̀.

Ṣé amọ̀ lásán ni?

Rárá. Ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ Gando, tí wọ́n parí ní ọdún 2001, jẹ́ ti bíríkì amọ̀ tí wọ́n po sìmẹ́ǹtì díẹ̀ mọ́, tí wọ́n sì tẹ̀ kí ó lè le.

Báwo ni ilé náà ṣe tutù láìsí ẹ̀rọ amúlétutù?

Òrùlé ni iṣẹ́ pọ̀ sí jù. Nínú ọ̀pọ̀ ilé wa, oòrùn a máa mú páànù gbóná, páànù a sì da ooru náà lé àwọn tó wà nínú yàrá lórí títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Ní Gando, bíríkì amọ̀ ni Kéré fi ṣe àjà, ó sì dá ihò sí i kí afẹ́fẹ́ gbígbóná lè máa gba ibẹ̀ jáde. Lẹ́yìn náà ni ó fi irin tín-ín-rín gbé páànù ga kúrò lórí àjà náà, tó fi jẹ́ pé atẹ́gùn ń fẹ́ gba àárín àwọn méjèèjì, tí ó sì ń gbé ooru páànù lọ kí ó tó dé ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ. Páànù yìí tún yọ jáde kọjá ògiri dáadáa, nítorí náà òjò àti oòrùn kì í bá ògiri tààrà. Mo fẹ́ kí èyí yé wa yékéyéké: ilé amọ̀ tí a kò ro òrùlé rẹ̀ dáadáa yóò gbóná bíi ti ẹlòmíràn.

Kí ni sìmẹ́ǹtì ṣe fún àyíká?

Òkúta ẹfun, irú èyí tí wọ́n ń wà ní Ewékorò, ni wọ́n fi ń ṣe sìmẹ́ǹtì; wọ́n ń yan án nínú iná tó gbóná tó nǹkan bí 1,450 lórí ìwọ̀n Celsius. Epo tàbí èédú tó ń jó ń tú carbon dioxide jáde, òkúta náà fúnra rẹ̀ sì ń tú tirẹ̀ jáde bí ó ti ń yí padà, tó fi jẹ́ pé bí a tilẹ̀ pààrọ̀ epo, ìṣòro náà kò tán. Nǹkan bí ìdá 8 nínú 100 carbon dioxide tí iṣẹ́ ọwọ́ ènìyàn ń tú sáyé ló ń ti ìdí sìmẹ́ǹtì wá. Bíríkì amọ̀ títẹ̀ kò nílò iná rárá, sìmẹ́ǹtì tó sì ń gbà kéré.

Ṣé ilé aṣòfin tuntun ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), olú-ìlú orílẹ̀-èdè Benin, náà jẹ́ ti amọ̀?

Kéré ló ya àwòrán rẹ̀, ṣùgbọ́n kọ́ńkéré ni wọ́n fi kọ́ ọ.

Ṣé òjò kò ní wó ilé amọ̀?

Omi ni ọ̀tá rẹ̀, yálà ó ti òkè wá tàbí ó ń fà láti inú ilẹ̀. Ẹ fi òkúta tàbí kọ́ńkéré gbé ìpìlẹ̀ ga, ẹ sì jẹ́ kí etí òrùlé gbòòrò. Ẹ má fi sìmẹ́ǹtì líle rẹ́ ògiri amọ̀, nítorí ọ̀rinrin yóò há sẹ́yìn rẹ̀, yóò sì ṣí i kúrò.

Kí ni kí n ṣọ́ra fún bí mo bá fẹ́ ra bíríkì?

Ẹ ri ọ̀kan sínú omi di ọjọ́ kejì. Bí ó bá fọ́ sílẹ̀, ẹ má ra ìyókù. Bí ẹ bá fẹ́ tẹ tiyín, ẹ kọ́kọ́ ko ilẹ̀dú òkè kúrò, nítorí ewé jíjẹrà inú rẹ̀ kì í jẹ́ kí bíríkì le, kí ẹ sì lo ilẹ̀ pupa tó wà nísàlẹ̀. Ẹ bo bíríkì tútù lábẹ́ ibòji fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí oòrùn má baà tètè gbẹ ẹ́ kí ó sì sán.

Búlọ́ọ̀kù ni mo ti fi kọ́ tèmi. Ṣé kí n wó o?

Ẹ má wó o, nítorí sìmẹ́ǹtì mìíràn ni ẹ óò tún fi kọ́ òmíràn. Ẹ kun páànù ní ọ̀dà funfun, ẹ ṣí ojú afẹ́fẹ́ sí òkè àjà, kí ẹ sì gbin igi sí ìhà ìwọ̀-oòrùn, níbi tí oòrùn ọ̀sán ti ń wọlé.