Ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ Inú Ilé, Bíà Inú Ìgò àti Ẹsẹ̀ Tó Ń Wú Lóru

Tí Ojúde Ọba ọjọ́ kẹta Iléyá bá ti kọjá, tí àwọn regbéregbé ti ká aṣọ wọn, kì í pẹ́ tí àwọn bàbá fi máa ń tiro wọ ilé oògùn wa ní Ṣàgámù. Àtàǹpàkò ẹsẹ̀ á wú, á pọ́n, á gbóná. Aṣọ ìbora pàápàá kò gbọdọ̀ kàn án. Nítorí pé òru ló sábà máa ń dé, lójijì, àwọn ará ilé á ní wọ́n fẹsẹ̀ kó oògùn níbi àríyá. Lọ́pọ̀ ìgbà, gáùtì, àìsàn tó ń mú oríkèé wú, ni.

Nígbà tí ara bá tú èròjà tí à ń pè ní píúrínì palẹ̀, yúríìkì ásíìdì ló máa ń kù. Kíndìnrín ló ń dà á sínú ìtọ̀. Tó bá pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀, ó lè di wóró tó mú ṣóńṣó bí abẹ́rẹ́ sí oríkèé, ara á sì gbógun tì í: ìyẹn ló ń fa gáùtì. Ọtí ń mú kí ásíìdì yìí pọ̀ sí i, ó sì ń dí kíndìnrín lọ́wọ́ láti dà á nù. Ti bíà tún wá burú díẹ̀, torí ó gbé píúrínì tirẹ̀ wá láti ara ọkà àti ìwúkàrà.

Lọ́dún 2004, ìwé ìròyìn Lancet gbé ìwádìí kan jáde lórí ọkùnrin tó lé ní 47,000 ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n tọpa fún ọdún 12. Àwọn tó ń mu bíà méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lójúmọ́, ewu gáùtì tiwọn tó ìlọ́po méjì àbọ̀ ti ẹni tí kì í mu bíà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fojú sí èyí: bíà kan tiwọn kò ju sẹ̃ǹtílítà 35 lọ. Ìgò ńlá tiwa jẹ́ 60. Ẹni tó bá ní "ìgò kan péré ni mo mu" ti fẹ́rẹ̀ẹ́ mu méjì.

Àwọn kan wá ń sọ fún mi pé ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ tí àwọn fọwọ́ ara wọn pọn nílé kò ní kẹ́míkà, kò lè ṣe nǹkan. Mo mọyì iṣẹ́ yẹn gan-an: kí ènìyàn rẹ àgbàdo, kó hù, kó sá a, kó lọ̀ ọ́, kó sè é, kó sì dúró dè é títí yóò fi kan. Ṣùgbọ́n ìwúkàrà ló ń sọ ọ́ di ọtí, píúrínì sì kún inú ìwúkàrà. Ọtí ilé kì í sábà rí sísẹ́ dáadáa, nítorí náà ìwúkàrà ọ̀hún ni ẹ ń mu mọ́ ọn. Ẹ jẹ́ kó tòrò, kí ẹ rọra da ojú rẹ̀, kí ẹ fi gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ sílẹ̀. Ìyẹn dín nǹkan kù. Kò mú ọtí kúrò, kò sì mú píúrínì tó ti yòrò sínú omi rẹ̀ kúrò. Ẹmu tó ń hó náà rí bẹ́ẹ̀.

Málítì àti míníráàsì kọ́ ni ẹ ó fi rọ́pò ọtí. Ṣúgà inú wọn náà ń gbé yúríìkì ásíìdì sókè.

Ohun tí mo ń bẹ yín fún jù ni kí ẹ lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ yín wò. Iye yúríìkì ásíìdì tí à ń lé ni kó wà lábẹ́ mílígíráàmù 6 nínú dẹsílítà ẹ̀jẹ̀ kan. Ẹni tí àìsàn náà ń padà bá lemọ́lemọ́, dókítà lè fún un ní allopurinol, oògùn tó ń dín yúríìkì ásíìdì kù, díẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀, kó máa fi kún un. Oṣù àkọ́kọ́ lè mú ìrora wá, ẹ má tìtorí ẹ̀ dá a dúró. Ṣùgbọ́n bí nǹkan bá sú jáde sí yín lára, ẹ dá a dúró kíá, kí ẹ gba ilé ìwòsàn lọ. Ẹ sọ oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí ẹ ń lò fún dókítà, torí àwọn kan tó ń múni tọ̀ máa ń dá kún gáùtì.

Ta ló wá lè mu ọtí? Nígbà tí oríkèé bá ń ro yín, ẹ má fẹnu kàn án rárá, ẹ má sì fi bíà gbé diclofenac, oògùn ìrora, mì: ó lè dá ọgbẹ́ sí inú, ó sì lè pa kíndìnrín lára. Ẹni tí iye tirẹ̀ ti wà lábẹ́ 6 fún oṣù mélòó kan láìsí ìrora, tí kíndìnrín àti ẹ̀dọ̀ rẹ̀ sì dá ṣáṣá, mi ò ní bínú sí i bó bá mu ìdajì ìgò níbi ìnáwó, pẹ̀lú omi púpọ̀, tó sì fi ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín ẹran inú pẹpẹsúùpù sílẹ̀ fún ẹlòmíràn.

Bí oríkèé bá wú tí ibà sì tẹ̀ lé e, ẹ má wá sọ́dọ̀ mi. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ lọ lọ́jọ́ náà gan-an, torí kòkòrò lè ti wọ inú rẹ̀.