Bí Bàálù Aláìláwakọ̀ Ṣe Wọ Inú Ìjì Òkun

Ọjọ́ 27 oṣù Keje ọdún 1943 ni Joseph Duckworth, ọ̀gá kan nínú iṣẹ́ ológun òfurufú Amẹ́ríkà, mọ̀ọ́mọ̀ wa bàálù wọ ojú ìjì líle kan nítòsí Galveston ní Texas. Láti ìgbà náà ni àwọn awakọ̀ bàálù ti ń fi ẹ̀mí wọn wewu kí àwọn ará etíkun lè tètè mọ ohun tó ń bọ̀. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1955, bàálù àwọn ọmọ ogun ojú omi kan wọ inú ìjì Janet ní òkun Karibíà, kò sì jáde mọ́. Ènìyàn 11 ló bá a lọ.

Ìsàlẹ̀ ìjì, níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń gba ooru àti ọ̀rinrin lára omi òkun, ni agbára ìjì ti ń wá, ibẹ̀ gan-an sì ni ènìyàn kò gbọdọ̀ dé, nítorí pé bí atẹ́gùn bá ti bàálù lulẹ̀ níbẹ̀, kò sí àyè láti tún un gbé sókè. Ẹ̀rọ dropsonde tí wọ́n ń jù sílẹ̀ láti òkè ń wọn ooru, ọ̀rinrin àti atẹ́gùn, ṣùgbọ́n láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ ló ti já sómi.

Èyí ló mú kí Greg Holland, onímọ̀ ojú-ọjọ́ ní Australia, àti Tad McGeer, onímọ̀ ẹ̀rọ, gbé Aerosonde, bàálù kékeré aláìláwakọ̀ kan, kalẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990. Apá rẹ̀ méjèèjì kò fẹ̀ ju mítà mẹ́ta lọ. Kò ní táyà rárá: orí mọ́tò tó ń sáré ni wọ́n ń gbé e lé títí yóò fi gbéra. Ní ọdún 1998, ọ̀kan nínú wọn fò láti Canada dé Scotland fún wákàtí tó lé ní 26, epo tó sì jó kò tó lítà mẹ́fà. Ohun ìyanu gbáà ni lójú tèmi. Ní ọdún 2005 Aerosonde wọ ìjì Ophelia, nígbà tó sì di ọdún 2007, ó lo wákàtí tó lé ní 17 lẹ́nu iṣẹ́ ìjì Noel, ó sì sún mọ́ omi débi pé kò tó 100 mítà sí i.

Ní ọdún 2014 ni wọ́n kọ́kọ́ ju Coyote, bàálù aláìláwakọ̀ mìíràn, sínú ìjì Edouard. Wọ́n ká apá rẹ̀ mọ́ra, wọ́n tì í sínú ọ̀pá oníhò kan lára bàálù ńlá, ìgbà tó bọ́ síta ló tó na apá. Wọn kò retí pé yóò padà.

Altius-600, tí òun náà kò ní awakọ̀, ló tẹ̀ lé e. Ìgbì afẹ́fẹ́ tó ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tiwa yìí bọ́ sórí òkun ló di ìjì Ian ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2022. Ó kọ́kọ́ ba apá ìwọ̀-oòrùn Kúbà jẹ́, kó tó kọrí sí Florida. Ní ọjọ́ 28, wọ́n ju Altius sínú rẹ̀. Nǹkan bíi wákàtí méjì ló fi fò nínú ìjì náà, tó ń fi ohun tó ń wọ̀n ránṣẹ́ sí àwọn tó wà nínú bàálù tó jù ú sílẹ̀.