Ìgò Egbò: Bí Irun Dúdú Ṣe Ń Di Pupa Nínú Ilé

Nígbà tí mo wà ní poli, alájọgbé mi kan gbé ìgò kan wá láti ilé. Ìgò náà kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, ó dúdú bíi ti oògùn ikọ́, gbogbo wa la sì mọ̀ ọ́n. Òun ni màmá kálukú máa ń dà sójú egbò bí a bá ṣubú ní kékeré, tí egbò á máa hó yàà, tí àwa náà á máa ké. Háídrójìn pẹ́rọ́ksáìdì. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, kò sẹ́ni tó ní egbò. Ó da omi náà sínú abọ́, ó bu ìyẹ̀fun búlúù kan tó rà lọ́jà lé e, ó pò ó títí ó fi ki bí ẹ̀kọ gbígbóná, ó wá ní kí n bá òun fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín kùn ún sórí. Irun rẹ̀ wà ní gígẹ̀ mọ́lẹ̀. Òórùn náà ń ta wá nímú. Kò pé ogún ìṣẹ́jú tí orí tó dúdú kirikiri fi bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n bí òsùn, lẹ́yìn náà bí ọsàn. "Má tíì fọ̀ ọ́ o, kò tíì débi tí mò ń lọ," ló ń wí, omi sì ń dà lójú rẹ̀.

Omi inú ìgò yẹn kò tíì ju igba ọdún ó lé díẹ̀ lọ láyé. Iṣẹ́ tí a fi í ṣe lálẹ́ ọjọ́ náà gbó jù ú lọ fíìfíì.

Kí n tó máa bá a lọ, "pupa" tí mò ń wí yìí, bí Yorùbá ṣe ń lò ó ni. Ẹni tí àwọ̀ ara rẹ̀ mọ́lẹ̀, pupa là ń pè é. Ọsàn tó gbó, a ní ó pọ́n. Epo, góòlù, irun òyìnbó tó dà bí koríko ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, pupa ni gbogbo wọn. Àwọn onísàlúùn ti fi "góòlù" àti "wáìnì" kún un, àmọ́ ìyá mi ṣì ń wo gbogbo rẹ̀ ní pupa, n kò sì rí i pé ó jẹ̀bi.

Àkọsílẹ̀ àwọn ará Róòmù wà lórí ọ̀rọ̀ yìí. Pliny, ọ̀mọ̀wé tó kú nígbà tí òkè Vesuvius bú gbàù ní ọdún 79, kọ ọ́ pé àwọn ará Gaul, níbi tó di ilẹ̀ Faransé lónìí, ní nǹkan kan tí wọ́n ń pè ní sapo tí wọ́n fi ń sọ irun di pupa. Ọ̀rá ẹran àti eérú ni wọ́n fi ń ṣe é. Ó ní ọ̀rá ewúrẹ́ ló dára jù, ó sì fi kún un pé láàárín àwọn ará Jámánì, ọkùnrin ló ń lò ó ju obìnrin lọ. Láti ara sapo yìí ni àwọn Faransé ti rí ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń pe ọṣẹ títí di òní. Ẹni tó bá ti dúró ti àwọn tó ń se ọṣẹ dúdú rí, tó rí bí wọ́n ṣe ń sẹ́ omi eérú kí wọ́n tó da àdín sí i, kò ní bi mí bí sapo ṣe ń ṣiṣẹ́. Omi eérú náà ni. Ó ń ta, ó sì ń ṣí ara irun sílẹ̀. Ní Róòmù kan náà, akéwì Ovid fi olólùfẹ́ rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ pé ṣebí òun ti ní kó yé pa irun láró, irun ti wá re tán, kó lọ fi irun àwọn ará Jámánì tí wọ́n kó lógun dé orí. Àtááṣìmẹ́ǹtì ti pẹ́ láyé.

Àmọ́ àwọn obìnrin Venice, ìlú orí omi ní ilẹ̀ Ítálì, ni mo kí kú iṣẹ́ jù. Ní 1590, Cesare Vecellio, ẹbí gbajúmọ̀ ayàwòrán nì, Titian, tẹ ìwé kan jáde nípa aṣọ tí oríṣiríṣi ènìyàn ń wọ̀ láyé. Ó ya obìnrin kan síbẹ̀ tó jókòó sórí òrùlé nínú oòrùn. Ilé Venice há, omi ló yí i ká, àgbàlá kò tó nǹkan, nítorí náà wọ́n máa ń kan pẹpẹ onígi sórí òrùlé, altana lorúkọ rẹ̀. Òmíràn ṣì wà níbẹ̀ di òní. Ibẹ̀ ni obìnrin náà ń gùn lọ nígbà tí oòrùn bá mú jù. Fìlà tó dé, solana ni wọ́n ń pè é. Ẹ fojú inú wo akẹtẹ̀ elétí gbòòrò tí wọ́n gé àtàrí rẹ̀ sọnù. Etí fìlà ń ṣíji bo ojú àti ọrùn kí wọ́n má baà dúdú, irun ni wọ́n fà gba ihò àárín rẹ̀ jáde, wọ́n wá tẹ́ ẹ sórí etí fìlà yípo bí ẹni sá èlùbọ́. Kànìnkànìn tí wọ́n so mọ́ orí igi tẹ́ẹ́rẹ́ ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Á tì í bọ inú omi oògùn, á fi pa irun, oòrùn á gbẹ ẹ́, á tún fi pa á. Bẹ́ẹ̀ ni yóò ṣe títí ilẹ̀ fi máa ṣú. Àwọn ìwé ìgbà náà dárúkọ omi eérú, álọ́ọ̀mù, imí ọjọ́ àti oyin lára ohun tí wọ́n ń pò pọ̀. Oyin yẹn kò sí níbẹ̀ lásán: oyin tí a bá fi omi là máa ń mú pẹ́rọ́ksáìdì díẹ̀ jáde fúnra rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sẹ́ni tó mọ orúkọ yẹn nígbà náà. Ohun tó ń wú mi lórí jù ni fìlà náà. Wọn ò fẹ́ kí awọ ara dúdú, wọn ò fẹ́ kí irun dúdú, oòrùn kan ṣoṣo ló sì wà fún méjèèjì. Ẹni tó ronú kan solana, orí rẹ̀ pé.

Ọmọ àgbẹ̀ tálákà ni Louis Jacques Thénard, láti abúlé kan ní ilẹ̀ Faransé tí wọ́n ti so orúkọ rẹ̀ mọ́ lẹ́yìn. Ní Paris, ní 1818, ó da ásíìdì pọ̀ mọ́ bárìọ́mù pẹ́rọ́ksáìdì, ó sì rí omi kan tó jọ omi lásán lójú, tí ọ́síjìn inú rẹ̀ sì ju ti omi lọ. Ó pè é ní omi olọ́síjìn. Bó bá kan awọ ara, ibẹ̀ á funfun, á sì máa ta. Irun kọ́ ló wà lọ́kàn Thénard. Ó fi í tún àwòrán àtijọ́ ṣe, èyí tí ọ̀dà funfun olójé ara rẹ̀ ti di dúdú. Àwọn oníṣòwò ló wá rí i pé ó ń mú eyín erin mọ́, ó sì ń mú ìyẹ́ ògòǹgò funfun fún fìlà àwọn obìnrin ọlọ́lá. Ìyẹ́ àti irun, ọmọ ìyá ni wọ́n. Kẹ́rátíìnì, èròjà kan náà tó di èékánná, ló wà lára méjèèjì. Bí ìyẹ́ bá gbà á, irun náà á gbà á.

Ní 1867, níbi ìpàtẹ ọjà àgbáyé ní Paris, ọkùnrin oníkẹ́mísì kan láti Lọ́ńdọ̀nù, E. H. Thiellay, àti Léon Hugo, onídìrí ará Paris, fi han gbogbo èèyàn pé omi náà lè sọ irun dúdú di pupa. Orúkọ tí wọ́n fún un gùn bí oríkì: omi orísun èwe oníwúrà. Ìdá 3 nínú 100 ni pẹ́rọ́ksáìdì inú rẹ̀. Ìdá 3 yìí gan-an ló wà nínú ìgò egbò tí màmá wa ń tọ́jú.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ rèé. Ara irun ní ìpẹ́ wẹ́wẹ́ tó lé ara wọn bí páànù òrùlé. Amóníà tí wọ́n ń pò mọ́ pẹ́rọ́ksáìdì ló ń ṣí àwọn ìpẹ́ yìí, pẹ́rọ́ksáìdì á wá ráyè wọlé, á sì fọ́ mẹ́lánínì, ìyẹn aró tí Ẹlẹ́dàá pò sínú irun. Mẹ́lánínì méjì ló wà níbẹ̀: èyí tó dúdú, tó pọ̀ jù lórí tiwa, àti èyí tó pupa. Dúdú ló kọ́kọ́ ń fọ́. Pupa lagídí. Ìdí nìyẹn tí irun dúdú kì í fi í fò bọ́ sí góòlù. Á kọ́kọ́ rí bí òsùn, á dà bí epo, bí ọsàn, bí ìyeyè, bó bá sì pẹ́ tó, á dà bí inú èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀. Láàárín epo sí ọsàn ni ẹ̀rù ti máa ń ba ọ̀pọ̀ ẹni tó ń ṣe é nílé, wọ́n á sáré fọ̀ ọ́ kúrò. Ẹni tó ti jó epo fún ọbẹ̀ ọ̀fadà rí á mọ irú ìdúró yẹn: bí o bá tètè sọ̀ ọ́, pupa ṣì wà níbẹ̀, bí o bá gbàgbé rẹ̀ síná, ó ti gbá.

Nọ́ńbà tó wà lára ike, 20, 30 tàbí 40, fólúùmù ni wọ́n ń pè é. Lítà kan omi tí wọ́n kọ 20 sí lára lè tú lítà 20 ọ́síjìn sáfẹ́fẹ́. Ìdá 6 nínú 100 ni 20, ìdá 12 sì ni 40. Ìyẹ̀fun búlúù tí alájọgbé mi bù, kẹ́míkà kan tí wọ́n ń pè ní persulfate ló wà nínú rẹ̀, òun ló ń fi agbára kún un fún orí tó dúdú bíi tiwa, òun náà ló sì ń jó àtàrí. Irun tí wọ́n ti fi rílásà nà tẹ́lẹ̀ kì í sábà fara dà á. Á máa já mọ́ kóòmù lọ́wọ́. Àwọn kan tiẹ̀ ń fi bílíìṣì ìfọṣọ dípò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dán an wò. Irun gan-an nìyẹn ń jẹ, bó bá sì pàdé amóníà, èéfín tó ń ti ibẹ̀ jáde lè pa èèyàn.

Láàárín àwọn adúláwọ̀ Amẹ́ríkà, Joyce Bryant ni mo máa ń rántí. Olórin ni, òkìkí rẹ̀ kàn gan-an ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950. Òun àti Josephine Baker jọ fẹ́ kọrin níbì kan náà, kò sì fẹ́ kí wọ́n gbàgbé òun, ló bá gbé ọ̀dà fàdákà tí wọ́n fi ń kun irin tó ń mú ilé móoru nígbà òtútù, ó fi kun orí. Pẹ́rọ́ksáìdì kọ́, mo mọ̀, àmọ́ ohun tó wà nínú ilé náà ni. Irun fàdákà di àmì tí wọ́n fi ń dá a mọ̀, ọ̀dà sì ba èyí tó hù fúnra rẹ̀ jẹ́.

Bí ọ̀rọ̀ yìí ṣe kúrò ní sàlúùn wọ inú balùwẹ̀, ọwọ́ Clairol, ilé iṣẹ́ tó ń ta aró irun, pọ̀ níbẹ̀. Lawrence Gelb àti ìyàwó rẹ̀, Joan, ló dá a sílẹ̀ ní New York ní 1931. Ní 1950 wọ́n gbé Miss Clairol jáde, tó ń bó àwọ̀ irun, tó sì ń pa á láró lẹ́ẹ̀kan náà. Ogún ìṣẹ́jú ni. Nígbà tí wọ́n fẹ́ tà á fún àwọn obìnrin nínú ilé ní 1956, ìṣòro kan wà: obìnrin tó bá ṣe irun pupa, ojú oníranù ni ọ̀pọ̀ fi ń wò ó, nítorí náà kò sẹ́ni tó fẹ́ kí wọ́n mọ̀. Shirley Polykoff ló kọ ìpolówó náà. Nígbà tó kọ́kọ́ lọ kí ìyá ọkọ àfẹ́sọ́nà rẹ̀, ìyá wo orí rẹ̀ títí, ó sì bi ọmọ rẹ̀ ní èdè Yiddish pé ṣé ó ń kun irun yìí ni, àbí kì í kùn ún? Ẹni tó ti lọ kí ìyá ọkọ rí mọ bí irú ìyẹn ṣe ń gúnni. Polykoff gbé ọ̀rọ̀ náà pamọ́ fún bí ogún ọdún, ó wá fi ṣe ìpolówó: ṣé ó ń ṣe é, àbí kì í ṣe é? Onídìrí rẹ̀ nìkan ló mọ̀ dájú. Ìwé ìròyìn Life kọ́kọ́ kọ̀ ọ́, wọ́n ní ọ̀rọ̀ náà ní ìtumọ̀ kejì. Èmi ò rò ó tìyẹn. Ohun tó ń pa mí lẹ́rìn-ín ni pé onídìrí ni wọ́n ń dárúkọ, ọjà tí kò ní jẹ́ kí o nílò onídìrí ni wọ́n sì ń tà. Nígbà tí Polykoff fi máa fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ ní àwọn ọdún 1970, àwọn obìnrin Amẹ́ríkà tó ń pa irun láró ti kúrò ní ìdá 7 nínú 100, wọ́n ti lé ní 40.

Ní Japan, nínú àwọn ọdún 1990, ó kan àwọn ọ̀dọ́ tí irun wọn dúdú bíi tiwa. Wọ́n pè é ní chapatsu, irun aláwọ̀ tíì. Àwọn ilé ẹ̀kọ́ gbógun tì í débi pé ọmọbìnrin kan ní Osaka, tó ní irun òun kò dúdú láti inú wá, ní wọ́n fi dandan lé e pé kó pa á láró dúdú. Ó gbé wọn lọ sí kóòtù, ní 2021 adájọ́ sì ní kí wọ́n san 330,000 yen fún un, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò dá òfin irun náà lẹ́bi.

Lọ́dọ̀ tiwa, irun pupa lórí ọmọ ní ìtàn mìíràn. Àwọn tó ti gbọ́njú nígbà ogun abẹ́lé, 1967 sí 1970, rí àwòrán àwọn ọmọdé Biafra tí ikùn wọn wú, tí irun wọn pọ́n, tó sì ń re. Kwashiorkor ni, àìsàn tí àìrí oúnjẹ bí ẹ̀wà àti ẹran jẹ ń fà. Ọ̀rọ̀ àwọn Ga ti Ghana ni, dókítà Cicely Williams ló mú un wọ ìwé ìṣègùn ní àwọn ọdún 1930. Nítorí náà, nígbà tí alájọgbé mi gbé orí aláwọ̀ ọsàn rẹ̀ délé, màmá rẹ̀ kò tiẹ̀ rántí bínú. Ó fà á mọ́ra, ó fọwọ́ fa ìpéǹpéjú rẹ̀ wálẹ̀, ó wò ó bóyá ẹ̀jẹ̀ wà níbẹ̀. "Ọmọ mi, ṣé ẹ ń rí ẹ̀wà jẹ níbẹ̀ yẹn báyìí?"

Ìgbà tó gbọ́ àlàyé ni ìbínú wá dé. Ó rán an lọ ra Bigen, ìyẹ̀fun tí àwọn bàbá àdúgbò fi ń bo ewú, tó jẹ́ pé Japan kan náà yìí ló ti wá. Wọ́n fi omi pò ó, wọ́n kùn ún, orí dúdú ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Ọ̀sẹ̀ kẹta tó padà sí họ́sítẹ́ẹ̀lì, dúdú yẹn ti ń ṣí, ọsàn ń yọjú lábẹ́ rẹ̀, irun tuntun sì ti ń hù dúdú nísàlẹ̀. A jọ lọ sọ́dọ̀ agẹrun tó wà lẹ́nu géètì, ó ní kó fá gbogbo rẹ̀. Agẹrun yí orí rẹ̀ sọ́tùn-ún, ó yí i sósì, ó ní ṣé kí òun kun góòlù díẹ̀ sí i tó bá hù padà, pé pọ́ńdà tuntun ṣẹ̀ṣẹ̀ dé.