Oníṣègùn Kairouan ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀: ìpilẹ̀ṣẹ̀ ìmòye àwọn Júù

Bí a bá ní kí àwọn ènìyàn dárúkọ onímòye Júù kan, Maimonides, oníṣègùn àti olùkọ́ òfin Júù, ni wọ́n á kọ́kọ́ dárúkọ. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó bí Maimonides rárá ni Isaac Israeli, ọmọ Íjíbítì, ti ń ṣe iṣẹ́ ìmòye ní Kairouan, ní Tùnísíà. Ilẹ̀ Áfíríkà wa níbí ni.

Àwọn kan á ní Philo, onímòye Júù ará Alexandria, ló ṣáájú. Lóòótọ́ ló ṣáájú, àmọ́ Gíríìkì ló fi kọ̀wé, àwọn Kristẹni ló sì tọ́jú ìwé rẹ̀. Àwọn Júù kò kà á sí fún ọ̀pọ̀ ọ̀rúndún.

Oníṣègùn ọba ni Israeli. Ó kọ ìwé lórí ibà, oúnjẹ àti ìtọ̀. Láyé ìgbà yẹn, inú ìgò ni ìtọ̀ aláìsàn ń wà. Oníṣègùn á gbé e síbi ìmọ́lẹ̀, á wo àwọ̀ rẹ̀, á wo bó ṣe ki tó, á wo gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ tó sọ̀ kalẹ̀, kó tó sọ ohun tó ń ṣe ẹni náà. Èmi gbà pé níbẹ̀ gan-an ni ìmòye rẹ̀ ti yọ. Ó kọ ọ́ pé ìmòye ni kí ènìyàn mọ ara rẹ̀: ẹni tó bá mọ ara àti ẹ̀mí tirẹ̀ dájú ti mọ ohun gbogbo. Ọ̀dọ̀ al-Kindi, onímòye Lárúbáwá, ló ti rí i. Israeli ló gbé e wọlé fún àwọn Júù.

Kò gbéyàwó, kò bímọ, bẹ́ẹ̀ ọmọ bíbí jẹ́ àṣẹ Ọlọ́run fún Júù. Wọ́n ní nígbà tí wọ́n bi í léèrè, ó fèsì pé ìwé òun lórí ibà ni yóò jẹ́ kí wọ́n rántí òun.

Saadia, onímòye Júù ọmọ Fayyum, ń kọ lẹ́tà sí Israeli láti Íjíbítì nígbà èwe rẹ̀. Ní 933, ní Baghdad, Saadia parí ìwé ńlá tirẹ̀: Ọlọ́run kan náà ló fún wa ní làákàyè àti Tórà, ìwé òfin àwọn Júù, ṣùgbọ́n ìrònú ń pẹ́ kó tó dé òtítọ́, ìdí nìyẹn tí Ó fi rán wòlíì.

Maimonides sọ fún atúmọ̀ ìwé rẹ̀ pé oníṣègùn lásán ni Israeli. Èyí kò tọ́ sí i rárá. Iṣẹ́ ìṣègùn kan náà ni Maimonides ń ṣe láàfin Saladin, ọba Íjíbítì!

Ọ̀rọ̀ làákàyè àti ìgbàgbọ́ yìí kò parí síbẹ̀: ní 1783, Mendelssohn, onímòye Júù ará Jámánì, kọ̀wé ní Berlin pé òfin ìwà ni Ọlọ́run fi rán Mose, kì í ṣe ìgbàgbọ́ àfipámúni.